Òwò Kékeré, Òfin Ńlá: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìyá Ilé Mọ̀

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí mo ti kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé wá kí mi. Ó mú ọ̀rá kékeré kan lọ́wọ́, ògì gbígbẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Àgbàdo, ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀pà ni ó lọ̀ pọ̀ fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oúnjẹ jíjẹ. Mo fi omi gbígbóná pò ó, mo tọ́ ọ wò. Ó kúnná, ó sì dùn lẹ́nu. Inú mi dùn púpọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nínú kíláàsì ti di ohun tí ènìyàn lè fi jẹun.

Ṣùgbọ́n inú tirẹ̀ kò dùn. Ó sọ fún mi pé ilé-ìtajà ńlá kan ti tọ́ ògì náà wò, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ máa gba 200 ọ̀rá lọ́wọ́ òun ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ti bá àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ní àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé, àwọn olùrà náà béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò, nọ́ńbà NAFDAC, àti àkáǹtì báǹkì tí ó jẹ́ orúkọ òwò náà. Kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ó sáré tọ ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú lọ. Onítọ̀hún gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì rí i mọ́. Ilé-ìtajà náà lọ ra ti ẹlòmíràn. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta náà padà sí ilé wọn.

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó bọ́ lọ́wọ́ àdúgbò kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé kò sí ọgbọ́n, kì í ṣe pé kò sí agbára, kì í sì í ṣe pé kò sí ẹni tí yóò ra ọjà. Ìwé ni kò sí.

Ẹ̀yin aya ilé àti ìyá ọmọ, nígbà tí a bá gbọ́ lórí rédíò pé àwọn aṣòfin ń ṣe òfin láti mú kí iṣẹ́ pọ̀, kí ọ̀nà òwò sì rọrùn, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa yí rédíò náà sí ibòmíràn. A rò pé ọ̀rọ̀ àwọn alágbádá ní Àbújá ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwádìí àjọ ìṣirò ìjọba ní ọdún 2023 fi hàn pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó ju mẹ́sàn-án lọ tí iṣẹ́ wọn kò sí nínú ìwé òfin kankan. Àwa ni wọ́n ń sọ: oníṣòwò ẹ̀lùbọ́, aránṣọ, alásè, oníṣẹ́ irun, aláàdìrẹ. Bí òfin òwò bá dára tàbí bí ó bá burú, orí wa ni ó ń sọ̀kalẹ̀ sí.

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó TI PẸ́ NÍ ILẸ̀ WA

Àwọn ìyá wa mọ èyí kí wọ́n tó bí wa. Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìjọba, obìnrin ń san owó-orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, kì í ṣe lábẹ́ ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń pinnu iye tí yóò san. Ní àkókò ogun àgbáyé kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà ní iye tí kò tó. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe olórí rẹ̀ kó ara wọn jọ, tọ̀mọ̀wé tòpè, wọ́n sì fi ẹhónú hàn láti ọdún 1947 lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a sì dá owó-orí àwọn obìnrin náà dúró.

Kí ni àwọn ìyá wọ̀nyí mọ̀? Wọ́n mọ̀ pé òfin tí a ṣe láìbi oníṣòwò léèrè lè pa òwò. Wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí òfin wí kò lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ gbé àwọn òfin tuntun wọ̀nyí yẹ̀ wò, bí ìgbà tí a ń ṣa ìrẹsì nínú atẹ, kí a lè mọ ọkà yàtọ̀ sí òkúta.

ILẸ̀KÙN TÍ Ó HÁ

Láti ọdún 1990 ni òfin kan ti ń ṣe àkóso bí a ṣe ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin náà ni ó bí àjọ tí a ń pè ní CAC. (Kì í ṣe ìjọ Àpọ́sítélì ni mo ń wí o, àjọ ìjọba tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni.) Òfin yìí ṣiṣẹ́ fún 30 ọdún, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ó bá lára mu jù lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ẹnì kejì, nítorí òfin kò gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a ní. Ó gbọ́dọ̀ wá lọ́yà kan tí yóò fọwọ́ sí i pé gbogbo nǹkan tọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní akọ̀wé fún kọ́ńpìnnì, kí ó sì máa san owó fún àwọn tí yóò yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Obìnrin tí ó ń dín ṣinṣín nínú kíṣínì rẹ̀ yóò wo gbogbo èyí, yóò sì padà sí ìdí agbada rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yìí, nítorí ó kàn wá gan-an. Ta ni obìnrin máa ń fi ṣe ẹnì kejì? Ọkọ rẹ̀ ni, tàbí arákùnrin rẹ̀. Wọn a kọ orúkọ ẹni náà sínú ìwé kí iye lè pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi kọ́bọ̀ kan sí òwò náà. Bí ìrẹ́pọ̀ bá wà, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ikú bá dé, tàbí bí ìjà bá wọ inú ilé, ìwé kò mọ̀ pé orúkọ àfikún lásán ni. Ìpín olóògbé a di ogún, àwọn ẹbí a sì wá jókòó sí ìdí òwò tí ìyàwó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ilé tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN ỌDÚN 2020 YÍ PADÀ

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí àwọn aṣòfin ilé méjèèjì ti ṣe láti rọ́pò ti ọdún 1990. CAMA ni àwọn ènìyàn ń pè é. Àwọn ohun tí ó kan oníṣòwò kékeré nínú rẹ̀ nìwọ̀nyí.

Èkíní, ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀ nísinsìnyí. Obìnrin tí ó bá ti pé ọdún 18 kò nílò láti yá orúkọ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé mo ń kọ́ yín láti fi nǹkan pamọ́ fún ọkọ yín. Ilé tí ìgbẹ́kẹ̀lé kò bá sí, òwò kò lè gbilẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé, bí ọkọ bá jẹ́ alábàáṣe ní tòótọ́, kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nítorí ohun tí ó ṣe, kì í ṣe nítorí pé òfin fẹ́ ẹnì kejì.

Èkejì, kò pọn dandan mọ́ pé kí lọ́yà fọwọ́ sí ìwé kí a tó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Ẹni tí ó ni ín lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. A sì lè fi ìwé ránṣẹ́ sí CAC láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, láìwọ ọkọ̀ lọ sí ibikíbi.

Ẹ̀kẹta, kọ́ńpìnnì kékeré kò pọn dandan kí ó ní akọ̀wé, kò pọn dandan kí ó ṣe ìpàdé gbogbogbòò lọ́dọọdún, kò sì pọn dandan kí ó gba àwọn tí yóò yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Èwo ni òfin pè ní kékeré? Èyí tí àpapọ̀ owó ọjà rẹ̀ lọ́dún kò bá ju 120 mílíọ̀nù náírà lọ, tí ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò sì ju 60 mílíọ̀nù lọ, pẹ̀lú àwọn àlàyé díẹ̀ mìíràn. Ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú òwò wa ni yóò wọ inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé dandan ni kọ́ńpìnnì fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí òwò rẹ̀ ṣì kéré lè forúkọ òwò nìkan sílẹ̀ ní CAC, èyí tí ó rọrùn jù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn nìyí: bí ẹ bá fi orúkọ òwò lásán ṣiṣẹ́, gbèsè òwò náà gbèsè yín ni, olówó lè wá títí dé orí fìríìjì ilé. Ní ti kọ́ńpìnnì, òfin kà á sí ẹnì kan lọ́tọ̀, gbèsè rẹ̀ kì í sì í sábà kọjá inú ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀, àfi bí ẹ bá fi ara yín ṣe onídùúró fún un.

KÍ ÒṢÌṢẸ́ ÌJỌBA MÁ FI ÒNÍ DỌ́LA

Òfin ìforúkọsílẹ̀ nìkan kò tó, nítorí ọ̀tọ̀ ni kí òfin wà, ọ̀tọ̀ ni kí ẹni tí ó jókòó sí ìdí tábìlì ṣe é. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ó ń ṣe adelé Ààrẹ nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè síta: ìwé tí ènìyàn yóò mú wá, iye owó tí yóò san, àti iye ọjọ́ tí yóò gbà. Bí ọjọ́ bá pé tí wọn kò fèsì, a ó kà á sí pé wọ́n ti gbà. Àṣẹ Ààrẹ ni èyí, kì í ṣe òfin àwọn aṣòfin, Ààrẹ mìíràn sì lè yí i padà. Nítorí náà ni àwọn aṣòfin fi sọ ọ́ di òfin gidi nínú òfin ìmúròwòrọrùn ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kejì ọdún 2023, tí ó sì tún òfin 21 mìíràn ṣe.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, níbo ni wọ́n kọ iye owó yìí sí? Ọjọ́ mélòó ni ẹ kọ síbẹ̀?" Kí a béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kí a béèrè. Ọmọbìnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ìbá ti mọ̀ pé iye owó wà níta fún ẹnikẹ́ni láti kà, aṣojú èké kì bá tí rí i mú.

Bákan náà, òfin kan tí a ṣe ní ọdún 1998 ti ka àwọn owó-orí tí ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà, ó sì ka dídí ojú ọ̀nà láti gba owó-orí léèwọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kó gààrí láti oko wá sí ọjà mọ iye okùn tí wọ́n ń nà sí yín lójú ọ̀nà. Òfin wà, ìmúṣẹ rẹ̀ ni ó kù. Ẹgbẹ́ ọjà ni ó lè bá aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ sọ èyí, nítorí ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Ẹ̀RÙ OWÓ-ORÍ

Mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín ń rò: "Bí mo bá forúkọ sílẹ̀, wọ́n á wá máa gba owó-orí lọ́wọ́ mi." Ẹ̀rù yìí kò ṣàjèjì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin wí. Òfin ìnáwó tí a fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2020 sọ pé kọ́ńpìnnì tí owó ọjà rẹ̀ lọ́dún kò bá tó 25 mílíọ̀nù náírà kò ní san owó-orí kọ́ńpìnnì. Àwọn òfin owó-orí tuntun tí a fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, kò mú àǹfààní yìí kúrò fún kọ́ńpìnnì kékeré. Ní ti ẹni tí ń fi orúkọ òwò ṣiṣẹ́, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí a lè bu owó-orí lé lọ́dún kò ní owó-orí lórí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ iye tí ó pa àti iye tí ó ná sílẹ̀ kò ní lè fi hàn pé owó òun kò tó èyí tí wọ́n ń bu owó-orí lé. Ìwé owó ni ẹlẹ́rìí yín.

IBI TÍ KÒ YẸ KÍ OKÙN DẸ̀

Àwọn kan ń sọ pé kí ìjọba kúkú mú gbogbo òfin kúrò, kí ènìyàn máa ṣe bí ó ti wù ú. Èmi tí mo ń kọ́ ènìyàn ní ìmọ́tótó oúnjẹ kò lè fara mọ́ èyí. Nígbà tí àwọn wolé-wolé ń yẹ ìkòkò omi wò nílé àwọn ìyá wa àgbà, ọ̀pọ̀ ni ó bínú sí wọn. Síbẹ̀, ìdin ẹ̀fọn tí wọ́n ń wá nínú ìkòkò náà ni ń di ẹ̀fọn tí ń pa ọmọ.

Oríṣi òfin méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń dí ọ̀nà lásán: kí a mú ìwé kan náà lọ sí ọ́fíìsì mẹ́ta, kí a wá ẹnì kejì tí a kò nílò. Èyí ni ó yẹ kí a gé kúrò. Èkejì ń dáàbò bo ẹnu ọmọ wa: kí ẹ̀pà tí ó ti bu má wọ inú ògì, kí a kọ ọjọ́ tí oúnjẹ yóò bàjẹ́ sí ara ọ̀rá, kí omi tí a fi ń ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí ni iṣẹ́ NAFDAC, àjọ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe ìyà. Ìyá mìíràn tí kò mọ̀ yín rí ni ó ń sọ fún pé kí ó fọkàn balẹ̀ kí ó tó fi síbí sí ẹnu ọmọ rẹ̀. Kí ìjọba mú kí ọ̀nà àtigbà á yá, kí ó má sì wọ́n jù. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe mú un kúrò.

ǸJẸ́ ÒFIN Ń MÚ IṢẸ́ WÁ NÍ TÒÓTỌ́?

Ìbéèrè yìí yẹ. Báǹkì Àgbáyé máa ń ṣe àtẹ àwọn orílẹ̀-èdè tí òwò ti rọrùn jù. Nínú 190 orílẹ̀-èdè, ipò 169 ni Nàìjíríà wà nínú àtẹ ọdún 2017. Nínú ti ọdún 2020, ó ti gòkè dé ipò 131. Inú ìjọba dùn. Ṣùgbọ́n Èkó àti Kánò nìkan ni wọ́n ń wò fún gbogbo Nàìjíríà, kọ́ńpìnnì tí ó ti wà nínú ìwé ni wọ́n sì ń fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe ìyá aláàmàlà. Ní ọdún 2021, Báǹkì Àgbáyé fúnra rẹ̀ dá àtẹ náà dúró nítorí àṣìṣe tí a rí nínú àwọn ìṣirò rẹ̀. Ipò lórí àtẹ kò túmọ̀ sí iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wúlò fún wa jù wá láti orílẹ̀-èdè Màláwì, ní gúúsù ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí òwò àwọn obìnrin ti jọ tiwa púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ran àwọn obìnrin oníṣòwò kan lọ́wọ́ níbẹ̀ láti forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ gbà á, ṣùgbọ́n èrè àwọn tí wọ́n gba ìwé nìkan kò yí padà. Àwọn mìíràn gba ìwé, a sì tún là wọ́n lóye nípa àkáǹtì báǹkì tí ó wà fún òwò nìkan, a sì bá wọn ṣí i. Èrè tiwọn lọ sókè ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún.

Ẹ gbà mí láyè kí n tún un wí: ìwé nìkan kì í pa owó. Ohun tí a bá fi ìwé náà ṣe ni ń pa owó, owó náà ni a sì fi ń gba ẹlòmíràn síṣẹ́. Òfin lè ṣí ilẹ̀kùn. Kò lè bá wa gbé ẹsẹ̀ wọlé.

OHUN TÍ A LÈ ṢE LỌ́SẸ̀ YÌÍ

Ẹ yan orúkọ tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn, kí ẹ sì wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC bóyá ó ṣì ṣófo. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀nà rẹ̀, kí ọmọ yín tí ó mọ̀ ọ́n bá yín wò ó, tàbí kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà fúnra yín. Ẹ má ṣe kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìgba rìsíìtì.

Nígbà tí ìwé bá jáde, ẹ mú un lọ sí báǹkì lọ́jọ́ náà, kí ẹ ṣí àkáǹtì ní orúkọ òwò. Láti ìgbà náà lọ, owó ọjà kò gbọdọ̀ bá owó ọbẹ̀ sùn nínú àpò kan. Bí ẹ bá nílò owó fún ilé, ẹ san owó oṣù fún ara yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ohun tí ó wọlé sí apá kan, ohun tí ó jáde sí apá kejì, ní alaalẹ́, kí ẹ tó sùn. Ẹ má sì gbàgbé pé lọ́dọọdún ni a ń fi ìròyìn òwò ránṣẹ́ sí CAC. Ẹni tí kò bá ṣe é, orúkọ òwò rẹ̀ lè di aláìwúlò nínú ìwé wọn.

Bí oúnjẹ inú ọ̀rá tàbí inú ìgò ni ẹ ń tà, ẹ béèrè ohun tí NAFDAC ń fẹ́ kí ẹ tó tẹ orúkọ sára ọ̀rá, nítorí ó lè di dandan kí ẹ tún ibi iṣẹ́ yín ṣe. Ṣíṣe é kí olùrà ńlá tó dé ni ó dára jù.

Ọmọbìnrin ológì náà tún padà wá sí ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀. Ó ti forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ti ní àkáǹtì, ó sì ti gba nọ́ńbà rẹ̀. Ilé-ìtajà àkọ́kọ́ kò padà wá bá a mọ́, nítorí ẹni tí ọjà bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà rí i gbà padà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké mẹ́rin ni ó ń tà fún báyìí. Méjì nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ìjọ́sí ni ó ti ń bá a ṣiṣẹ́, owó oṣù wọn sì ń jáde ní ọjọ́ tí ó dá. Ẹ̀kẹta ti lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Kò lè máa dúró de ìwé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyá, òwò tí ẹ ń ṣe nínú kíṣínì yín kì í ṣe eré. Àwọn ọmọbìnrin mìíràn wà ní àdúgbò yín tí wọ́n ń retí kí ẹ nawọ́ pè wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ìwé ni yóò dá yín dúró. Olúwa yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín.